Teslim Balógun, Ẹni tí Wọ́n Ń Pè ní Ààrá

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rìn káàkiri àwọn òpópónà Kétu àti Ìkòsí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n gbé òkúta méjì síhìn-ín, òkúta méjì sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín rẹ̀. Àwọn kan wọ bàtà, àwọn kan wọ sálúbàtà, àwọn mìíràn kò wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀ rárá. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, wọn á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá kọjá tán, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà mìíràn a máa bínú sí wọn pé wọ́n dí ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí ẹni tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí wà ní ọ̀dọ́, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù pàápàá, tí gbogbo ìlú mọ orúkọ wọn, ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Teslim Balógun ni orúkọ ẹni náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó, ó gbá a ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn náà ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìyẹn ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó ti kú, ṣùgbọ́n a kò tíì gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní ìlú Èkó. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Tesilimi Ọláwálé Àyìndé Balógun. Ẹ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Tesilimi jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí. Ọláwálé jẹ́ orúkọ àbísọ. Àyìndé jẹ́ oríkì. Balógun ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé olórí ogun ni à ń pè ní balógun. Láìpẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn òǹwòran tún fi orúkọ karùn-ún kún un.

Ní ayé ìgbà náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà. Èkó kò tóbi tó bí ó ti wà lónìí. Abúlé ni Kétu àti Ìkòsí. Ẹni tí ó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ á sọ pé òun ń lọ sí Èkó, bí ẹni pé ìlú mìíràn ni òun ń lọ. Teslim kò dúró sí Èkó kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà kan, St. Mary's Catholic School, ní Port Harcourt, ni ó lọ. Port Harcourt jìnnà púpọ̀ sí Èkó, ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí wọn kì í ti í sọ èdè Yorùbá. Bí orúkọ ọmọ tilẹ̀ jẹ́ ti Mùsùlùmí, kò ṣàjèjì kí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà nígbà náà, nítorí àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni wọ́n sì tan eré bọ́ọ̀lù ká ilẹ̀ wa. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ní òfin, pé ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ti ṣẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ aṣọ́lé.

Nígbà tí Teslim dàgbà, ó wọ agbo bọ́ọ̀lù àwọn àgbà. Ẹ má rò pé bí ó ti rí lónìí ni ó rí nígbà náà o. Kò sí ẹni tí ó ń sanwó rẹpẹtẹ fún agbábọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Rélùwéè ní tirẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, tí à ń pè ní Marine, ní tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò bíi UAC àti SCOA náà ní tiwọn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ilé-iṣẹ́ náà á fún un ní iṣẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ bí òṣìṣẹ́ yòókù, bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ sí pápá. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń jẹun. Orúkọ àti ariwo àwọn òǹwòran ni ó ń gbà lórí bọ́ọ̀lù.

Teslim kò pẹ́ púpọ̀ ní ojú kan. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Marine, fún Rélùwéè, fún UAC, fún SCOA, fún ẹgbẹ́ Pan Bank, ó sì tún gbá a fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú Jọ́ọ̀sì ní òkè Ọya. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Ní ọdún 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá kan tí àwọn ẹgbẹ́ láti ìlú púpọ̀ ń kópa nínú rẹ̀. Ife Gómìnà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, nígbà tí ó yá wọ́n sọ ọ́ di Challenge Cup. Marine ni ó kọ́kọ́ gba ife náà. Rélùwéè ti Èkó gbà á ní ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún 1946 sí 1964. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tí ó gbé Èkó nígbà náà, orúkọ Rélùwéè nìkan tó láti mú un rẹ́rìn-ín músẹ́, tàbí kí ó fajú ro, bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ni ó fẹ́ràn.

Nínú irú ìdíje báyìí ni Teslim ti gba orúkọ karùn-ún. Iwájú ni ó máa ń wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, ìró rẹ̀ àti eré tí ó ń sá á ba ènìyàn lẹ́rù, aṣọ́lé mìíràn ò ní fẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Thunder, ìyẹn Ààrá. Àwọn ènìyàn pa ìtàn oríṣiríṣi nípa ẹsẹ̀ yìí, pé ó gbá bọ́ọ̀lù ya àwọ̀n, pé ó gbá a lu ènìyàn tí ẹni náà sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Kò yẹ kí a gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀.

Ní ọdún 1949, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n yan agbábọ́ọ̀lù 18 láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà pé kí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba lọ bá àwọn Òyìnbó gbá bọ́ọ̀lù. Teslim, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, wà lára wọn. Etim Henshaw, ọmọ Calabar, ni balógun ikọ̀ náà. Sam Ibiam ni aṣọ́lé. Titus Okere, Dan Anyiam, Isaac Akioye àti John Dankaro wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ka orúkọ wọn, ẹ ó rí i pé Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Èfìk wà níbẹ̀, àwọn ọmọ òkè Ọya náà wà níbẹ̀. Èyí jẹ́ ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí a tó gba òmìnira.

Ọkọ̀ ojú omi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Apapa ni wọ́n wọ̀ ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 29 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ mẹ́tàlá lórí òkun, tí kò sí igi, tí kò sí ilé, omi nìkan ni ojú ń rí. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì fi Nàìjíríà sílẹ̀ rí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọ́n dé, wọ́n ti wà lórí pápá. Ẹgbẹ́ kan tí òun náà ń jẹ́ Marine, ní àdúgbò Crosby lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé.

Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde sí pápá, ẹnu ya àwọn òǹwòran. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Àwọn kan kàn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀ ni. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù wọ bàtà aláwọ tí ó nípọn, tí ó ní eyín lábẹ́. Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀! Bí irú bàtà bẹ́ẹ̀ bá tẹ ìka ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ṣùgbọ́n ìdí wà tí àwọn ọmọ wa fi fẹ́ràn ẹsẹ̀ lásán. Ó ti mọ́ wọn lára láti kékeré. Wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ń mọ bọ́ọ̀lù dáadáa ju ẹsẹ̀ tí ó wọ bàtà lọ, bí ọwọ́ lásán ti ń mọ ẹja inú omi ju ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lọ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ń sáré bí ẹtu. Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù 5 wọlé, Marine gbá 2. Báyìí ni wọ́n ṣe borí nínú eré àkọ́kọ́.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ní Ìlú Ọba, òjò lè rọ̀ nígbàkigbà. Bí koríko bá tutù, tí ilẹ̀ di ẹrẹ̀, eyín abẹ́ bàtà a máa wọlé sínú ilẹ̀ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ má baà yọ̀. Ẹsẹ̀ lásán kò ní eyín. Bí ẹ bá ti sáré lórí ilẹ̀ alámọ̀ rí lẹ́yìn òjò, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá lápapọ̀. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gba ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka iye nìkan lè sọ pé wọn kò ṣe dáadáa. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù papọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè rí, tí ó wà nínú òtútù tí kò mọ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán kojú bàtà, tí ó sì gba ọ̀mì tàbí borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ohun ńlá ni.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, ọkọ̀ wọn yà sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, 1949, wọ́n bá ikọ̀ ilẹ̀ náà gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì borí rẹ̀ ní 2 sí òdo. Ọjọ́ yẹn ni a kà sí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn figa gbága nínú bọ́ọ̀lù. Gbogbo àwọn ikọ̀ Nàìjíríà tí ẹ mọ̀, ibẹ̀ ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Teslim padà sí Èkó, ó ń bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan ní Ìlú Ọba. Ó ti rí i pé àwọn ènìyàn kan wà tí bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ wọn, tí wọn kì í lọ sí ọ́fíìsì rárá, tí wọ́n ń gba owó lọ́sẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá. Titus Okere, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ Apapa, ni ó kọ́kọ́ padà lọ. Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Swindon Town, ṣùgbọ́n wọn kò mú un gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ikọ̀ àgbà wọn nínú líìgì. Ní ọdún 1955 ni ó kan Teslim. Ẹgbẹ́ Peterborough United ni ó pè é.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: a bí i ní 1927, ó lọ ní 1955. Ọmọ ọdún 28 ni. Ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tán, òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun láàárín àjèjì ni. Peterborough kò tíì sí nínú líìgì ńlá nígbà náà; ọdún 1960 ni wọ́n tó gbà á wọlé. Teslim tún lọ sí Skegness, ìlú kékeré kan létí òkun. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí London, sí ẹgbẹ́ Queen's Park Rangers, fún sáà 1956 sí 1957. Ẹgbẹ́ yìí wà nínú líìgì, ní ìpele kẹta ti ìhà gúúsù. Nígbà tí Teslim wọ aṣọ wọn jáde sí pápá, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Eré 13 ni ó gbá fún wọn nínú líìgì náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 3 sáwọ̀n. Ẹ má fojú kéré e. Lóde òní, bí agbábọ́ọ̀lù kò bá sí nínú àwọn mọ́kànlá àkọ́kọ́, wọ́n lè mú un wọlé láàárín eré láti rọ́pò ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1965 ni líìgì Gẹ̀ẹ́sì tó gba pé kí a máa pààrọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, bí wọn kò bá pe orúkọ rẹ mọ́ àwọn mọ́kànlá, ṣe ni ìwọ yóò jókòó máa wòran. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni wọ́n ń gbá. Bí òjò bá rọ̀, awọ náà á mu omi, á wúwo bí òkúta. Owó náà kò tó nǹkan bí ti òde òní. Òfin wà nígbà náà pé kò sí agbábọ́ọ̀lù, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó, tí ó gbọ́dọ̀ gbà ju pọ́n-ùn 15 lọ lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn Queen's Park Rangers, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Holbeach United, tí òun náà wà ní ìlú kékeré. Bí ìtàn rẹ̀ bá parí síbẹ̀, a ṣì lè máa kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe tẹ̀lé e ni ó ya èmi lẹ́nu jù. Ó padà di akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ààrá, tí ogunlọ́gọ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní Èkó, jókòó láti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó tún fẹ́ kọ́. Ṣé ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò ti mọ gbogbo rẹ̀ tán? Rárá o. Ẹ wo ìyá tí ó mọ ọbẹ̀ sè. Ó lè má lè ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń tó. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí ara ènìyàn ṣe ń rẹ̀ àti bí ó ṣe ń lágbára. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò wà lẹ́yìn, ẹni tí yóò wà láàárín àti ẹni tí yóò wà níwájú. Bí ẹgbẹ́ kejì bá yí ọgbọ́n padà, òun náà gbọ́dọ̀ yí tirẹ̀ padà láìfi àkókò ṣòfò. Teslim kọ́ nǹkan wọ̀nyí, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó ń fi iṣẹ́ náà jẹun.

Kí ẹ tó lè mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí wọ́n ń kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà ní ayé ìgbà náà. Jack Finch, Òyìnbó tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni ó kó ikọ̀ 1949 lọ sí Ìlú Ọba. Les Courtier, Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ni ó ń kọ́ ikọ̀ náà nígbà tí òmìnira ń bọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n pe Moshe Beth-Halevi láti Ísírẹ́lì. Nígbà tí ó yá, wọ́n pe József Ember láti Họ́ńgárì. Láàárín wọn, ọmọ ilẹ̀ wa kan bíi Dan Anyiam, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ Apapa ní 1949, rí àyè di akọ́ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń wá ènìyàn lọ sí òkèèrè. Àwọn àjèjì wọ̀nyí mọ iṣẹ́, a kò lè sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò lè mọ̀ ọ́n bí? Àwọn kan gbàgbọ́ pé kò lè ṣeé ṣe. Teslim ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó fúnra wọn, ó sì gbọ́ èdè àwọn ọmọ tí ó ń kọ́. Nígbà tí ó padà wálé, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó gbájú mọ́.

Ní ọdún 1968, Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa yóò dé irú ibi bẹ́ẹ̀. Teslim wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ ikọ̀ náà. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sì parí títí di 1970. Ìlú Port Harcourt tí Teslim ti kàwé wà lára ibi tí ogun ti jà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ kan ti pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú àkókò yẹn ni wọ́n ní kí àwọn tí ó kù lọ ṣojú Nàìjíríà.

Nínú eré àkọ́kọ́, Jàpáànì borí wa ní 3 sí 1. Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ tí kò mọ nǹkan ni Jàpáànì o. Àwọn ni wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nígbà tí ìdíje parí. Sípéènì náà borí wa ní 3 sí òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pàdé Bràsíìlì, 3 sí 3 ni eré parí sí. Bràsíìlì! Orílẹ̀-èdè tí ó ti gba ife àgbáyé ní 1958 àti 1962. Lóòótọ́, kì í ṣe Pelé àti àwọn àgbà ikọ̀ wọn ni ó wá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù tí ó ń gba owó kópa nínú Òlíḿpíìkì nígbà náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó retí pé a ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sínú àwọ̀n wọn. Ikọ̀ náà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́, wọ́n sì padà wálé.

Teslim kò pẹ́ láyé lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, 1972, ó kú. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 45 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1973, Èkó gbàlejò ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì borí Guinea ní 2 sí òdo, ó gba wúrà nínú bọ́ọ̀lù. Teslim kò rí i. Nígbà tí a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1980, ọmọ Bràsíìlì kan, Otto Glória, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Nígbà tí a tún gbà á ní 1994, Clemens Westerhof láti ilẹ̀ Họ́láńdì ni. Ní 1984, ọmọ Yorùbá kan, Adégbóyè Onígbìndé, kó ikọ̀ wa dé ìpele àṣekágbá, ṣùgbọ́n ipò kejì ni a gbà. Ọdún 2013 ni ọmọ Nàìjíríà, Stephen Keshi, tó kó ikọ̀ wa lọ gba ife náà. Láti 1972 tí Teslim kú sí 2013, ọdún 41 nìyẹn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Súrùlérè. Láti Kétu, kò ṣòro láti dé ibẹ̀. Ẹ ó gba òpópónà Ìkòròdú, ẹ ó kọjá Òjọ́tà, Maryland, Palmgrove àti Fádèyí, títí ẹ ó fi dé Ojúẹlẹ́gba. Kò jìnnà sí ibẹ̀ mọ́ tí ẹ ó fi rí pápá ìṣeré ńlá méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún ìdíje 1973. Èkejì ni pápá ìṣeré Teslim Balógun. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ọdún 2007 ni wọ́n sì ṣí i. Ẹ yọ 1984 kúrò nínú 2007 kí ẹ wo iye tí ó kù. Ó lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 24 òǹwòran.

Wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti ran ìdílé àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí lọ́wọ́. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, wọ́n gbá díẹ̀ nínú àwọn eré náà ní pápá Teslim Balógun. Àwọn ọmọdékùnrin láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sáré lórí pápá náà, olúkúlùkù pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.